Áńtẹ́nà tó sùn mọ́ ara bàálù: Kí ló dé tí kò rọrùn láti ṣe?

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo bàálù ńlá kan ní pápákọ̀ òfurufú Èkó, Àbújá tàbí Accra yóò rí àwọn nǹkan pẹlẹbẹ bí abẹ ọ̀bẹ tó yọ síta lẹ́yìn rẹ̀ àti lábẹ́ ikùn rẹ̀. Àwọn bàálù kan tún ní ohun tó wú bíi kókó lẹ́yìn, èyí tó bo ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì àwọn èrò. Áńtẹ́nà ni gbogbo wọn.

Ọ̀kan wà fún ọ̀rọ̀ láàárín awakọ̀ òfurufú àti àwọn adarí ọkọ̀ tó wà nílẹ̀, òmíràn ń gba àmì GPS, òmíràn sì ń dáhùn nígbà tí ráda bá béèrè pé ta ló ń kọjá. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá yọ síta lára bàálù ń bá afẹ́fẹ́ wọ̀yá ìjà, epo sì ni ọkọ̀ fi ń san owó ìjà náà. Yìnyín lè dì mọ́ ọn, ẹyẹ sì lè kọlù ú.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń wá áńtẹ́nà tí yóò tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ ara bàálù, tí yóò sì tún lè ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì. Ohun méjèèjì yìí kì í fẹ́ bá ara wọn gbé.

Irin ń ṣe bíi dígí

Ìgbì rédíò ń rin nǹkan bíi 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù 300 láàárín àáyá kan, èyí tí wọ́n ń pè ní 300 MHz, gígùn ìgbì kan yóò jẹ́ mítà kan. Ọ̀pá áńtẹ́nà tó wọ́pọ̀ jù sì máa ń tó ìdámẹ́rin gígùn ìgbì.

Kí ló dé tí wọn kò kàn tẹ́ wáyà sórí irin ara bàálù? Bí iná mànàmáná bá ń sáré lọ sápá ọ̀tún nínú wáyà tó sùn lórí irin, òjìji rẹ̀ nínú irin yóò máa sáré lọ sápá òsì, àwọn méjèèjì yóò sì pa ara wọn rẹ́. Láti bọ́ nínú èyí, wọ́n ní láti gbé wáyà náà sókè ní ìdámẹ́rin gígùn ìgbì, ìyẹn 25 sẹ̀ǹtímítà fún 300 MHz. Gíga tí wọ́n ń sá fún ni wọ́n tún bá pàdé yẹn.

Ní 1948, Lan Jen Chu ti ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà fi ìṣirò hàn pé bí áńtẹ́nà bá ṣe kéré sí gígùn ìgbì tó, bẹ́ẹ̀ ni àyè ìkànnì tó lè gbà dáadáa ń dín kù. Ní 1999, Dan Sievenpiper ti Yunifásítì California ní Los Angeles ṣe àgbéjáde ojú irin kan tí wọ́n to àwọn nǹkan kéékèèké bí olú sí lórí. Lórí irú ojú bẹ́ẹ̀, òjìji kò lòdì sí wáyà mọ́. Àrà ńlá ni, àmọ́ àyè ìkànnì tó mọ níwọ̀n ló ti ń ṣiṣẹ́.

Fífi gígùn rọ́pò gíga

Ọ̀nà mìíràn ni kí wọ́n tẹ́ ike tín-ín-rín sórí irin, kí wọ́n sì ti ìgbì wọ̀ ọ́ láti ìpẹ̀kun kan. Ìgbì kì í yára nínú ike tó bó ṣe ń yára nínú afẹ́fẹ́. Ẹ fojú inú wo àwọn èèyàn tó di ara wọn lọ́wọ́ mú, tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ ń rìn lọ, tí ẹni tó wà ní ìparí wá kó sínú ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á falẹ̀, gbogbo ọ̀wọ́ náà á sì yí sí ọ̀nà ẹrẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbì ṣe ń tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ike, tí kò fi lè fò lọ sókè. Yóò rá lọ lórí rẹ̀ títí dé òpin, ibẹ̀ ni yóò ti bọ́ sínú afẹ́fẹ́.

Àwọn tó ń gbọ́ rédíò lórí AM mọ ìbátan rẹ̀: lọ́sàn-án, ìgbì tó ń tẹ̀ lé ojú ilẹ̀ ló ń gbé ohùn dé ìlú tí kò lè rí òpó ilé iṣẹ́ náà.

Ike yìí lè má ga rárá, ṣùgbọ́n ó ní láti gùn tó ìgbì bíi mélòó kan. Òfin Chu kò yẹ̀. Gígùn ni wọ́n fi san ohun tí wọn kò fẹ́ fi gíga san.

Síbẹ̀, bí ìgbì bá ṣe ń mì kíákíá sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń fà mọ́ ike sí i. Bí kò bá mì kíákíá, ó máa ń tú dànù, kò sì ní fara mọ́ ọn. Nítorí náà, ike tó nípọn bákan náà jálẹ̀ kò lè bá gbogbo ìkànnì mu. Wọ́n máa ń jẹ́ kó nípọn níbẹ̀rẹ̀, kó sì máa fẹ́lẹ́ lọ, kí ìgbì lè tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìfò padà sẹ́yìn. Ibi tí ìgbì ti ń wọlé ló ń gba làálàá jù, nítorí ẹnu ọ̀nà kékeré yẹn ní láti gba ìkànnì gíga àti èyí tó rẹlẹ̀ láìdá ìkankan padà. Irin tó kù níwájú áńtẹ́nà tún lè ti ìgbì sókè, débi tí kò ní lọ tààrà síwájú bí wọ́n ṣe fẹ́.

Ní 10,000 MHz, ìgbì kan kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Ike tó gùn ní ìlọ́po 10 rẹ̀ kò ju rúlà ọmọ iléèwé lọ. Ṣùgbọ́n ìkànnì tí awakọ̀ òfurufú fi ń sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 118 MHz, níbi tí ìgbì kan ti gùn ju mítà 2.5 lọ. Ìgbì mẹ́ta péré á gba ike tó gùn ju mítà 7 lọ, pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀. Fún iṣẹ́ yẹn, abẹ tó yọ síta lára bàálù ṣì fúyẹ́ jù ú lọ.