Pámpásì Ọmọ Nínú Ọkọ̀
Ẹ̀yin òbí, bí a bá ń ti Ìkàrẹ́ gba Ọ̀kà lọ sí Ìfira-Àkókó, tí ọmọ yàgbẹ́ sí pámpásì, ibo la ń jù ú sí? Ojú fèrèsé ọkọ̀ ni. Àwa náà ti ṣe é rí, ojú ń tì wá. Òjò á gbá a lọ sínú odò tí wọ́n ń pọn. Bẹ́ẹ̀ ni onígbáméjì ṣe ń ràn. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ ìgbẹ́ ojú ọ̀nà, abẹ́ ibòji àti etí omi fún wa.

Ẹ dì í sínú ọ̀rá. Bí ẹ bá dé mọ́ṣáláṣí, ẹ tọrọ àyè, kí ẹ gbọn ìgbẹ́ náà sí ṣáláńgá. Ẹ má ju pámpásì sí i, yóò tètè kún. Ibi tí wọ́n ń kó pàǹtí sí ni tirẹ̀. Kí ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó ṣe àlùwàlá.