Ẹlẹ́rìí Oyin

Orúkọ kan ṣoṣo ni Yorùbá fún kòkòrò tó ń fò àti omi dídùn tó ń ṣe. Oyin ni kòkòrò náà, oyin náà ni ohun tó wà nínú afárá. Èdè wa so ọmọ mọ́ ìyá rẹ̀ débi pé kò fi àyè sílẹ̀ fún oyin tí oyin kò ṣe. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ti wà lọ́jà. Ó wà nínú ìgò lẹ́bàá títì, ó ki, ó pọ́n, ẹni tó ń tà á sì ń búra pé inú igbó lòun ti kó o lóru àná. Ṣúgà tí wọ́n sè pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni. Òun làwọn òbí kan yóò rà lọ síbi ìsọmọlórúkọ, tí wọn yóò fi kan ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́nu, tí wọn yóò sì gbàdúrà pé kí ayé rẹ̀ dùn bí oyin.

Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dà báyìí, ẹlẹ́rìí la nílò. Àwọn kan sì wà láyé tó jẹ́ pé iṣẹ́ oòjọ́ wọn ni kí wọ́n gbé oyin yẹ̀ wò, kí wọ́n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an àti ibi tó ti wá. Ilé àyẹ̀wò ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà ní ọ̀kan ní ìlú Savannah, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní tiwọn ní Geel, lórílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù. Orúkọ àwọn ènìyàn yìí kì í sábà jáde nínú ìwé ìròyìn, àmọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ayé mọ̀ nípa ayédèrú oyin, ọwọ́ wọn ló ti jáde.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ ká sọ ti ìdánwò tiwa. Wọ́n ní kí a ki orí ìṣáná bọ inú oyin, kí a ṣá a. Tó bá gbiná, ojúlówó ni. Wọ́n ní kí a kán an sínú omi, tó bá lọ sísàlẹ̀ láìtú ká, ojúlówó ni. Àwọn mìíràn á dà á sórí bébà tàbí sórí iyanrìn. Àwọn kan á gbé e kalẹ̀ fún èèrà, wọ́n ní èèrà kì í jẹ oyin gidi. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka ìwé yìí ló gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀kan nínú wọn, kò sì wù mí láti gba ohun tí ìyá ẹni kọ́ni lọ́wọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n bí nǹkan ṣe ki tó, àti bí omi ṣe pọ̀ nínú rẹ̀ tó, ni àwọn ìdánwò yìí ń wò. Ṣúgà tí a sè títí tó fi ki dáadáa yóò rì sísàlẹ̀ omi, kò sì ní tètè rin bébà. Oyin gidi tí wọ́n kó nígbà òjò, kí àwọn oyin tó fi ìda bo ojú afárá, yóò ṣàn, yóò sì kùnà. Èèrà ní tirẹ̀ ń jẹ oyin. Èyí tó burú jù ni ti oyin tó dì. Ọ̀pọ̀ oyin gidi ló máa ń dì bó bá pẹ́ nílẹ̀ tàbí tí ọyẹ́ bá mú, kó di horo-horo nísàlẹ̀ ìgò, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìwà glúkóòsì inú rẹ̀. A ó rí i, a ó ní ṣúgà ti bọ́ síta, a ó sì dá olóyin lẹ́bi.

Ibòmíràn ni ẹlẹ́rìí tòótọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìlànà àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní Codex, èyí tí àjọ FAO àti àjọ WHO jọ dá sílẹ̀, ti oyin nínú rẹ̀ sì jáde ní 1981. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi nǹkan kún oyin. Omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Irú ṣúgà tí a ń fi sínú tíì kò gbọdọ̀ ju ìdá 5 nínú 100 lọ nínú ọ̀pọ̀ jù lọ oyin, torí pé kòkòrò náà ti fi itọ́ ara rẹ̀ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kó tó pa á mọ́. Èròjà kan tún wà, HMF lorúkọ rẹ̀, tó máa ń pọ̀ sí i bí iná bá kan oyin tàbí tó bá ti pẹ́ jù nílẹ̀: mílígíráàmù 40 nínú kílò kan ni òpin rẹ̀, 80 fún oyin ilẹ̀ olóoru bíi tiwa. Ṣúgà tí wọ́n sè nínú ìkòkò kì í sábà la ìdánwò méjì tó gbẹ̀yìn yìí já.

Ẹni tó bá lówó láti fi ṣe ayédèrú kì í sì í se é nínú ìkòkò. Láàárín 1970 sí 1980 ni omi dídùn tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe gba ọjà Amẹ́ríkà, ó sì jọ oyin débi pé àwọn ìdánwò àtijọ́ kò dá a mọ̀ mọ́. Jonathan White, onímọ̀ kẹ́míkà ní ẹ̀ka ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá ọ̀nà. Àgbàdo àti ìrèké jẹ́ ẹbí koríko, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ afẹ́fẹ́ di oúnjẹ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ igi tí oyin ń lọ bá. Nítorí náà, kábọ́ọ̀nù tó wúwo máa ń pọ̀ díẹ̀ jù nínú wọn, ẹ̀rọ sì lè wọ̀n ọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ puroténì bíńtín tó wà nínú oyin, kí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù rẹ̀ wé ti oyin náà lódindi. Bí àlàfo bá wà láàárín àwọn méjèèjì, àlejò ti wọlé. Tí ṣúgà àlejò tí ẹ̀rọ kà bá ju ìdá 7 nínú 100 lọ, oyin ọ̀hún ti di ẹlẹ́jọ́.

Àwọn oníjìbìtì náà ń ka ìwé tí àwọn onímọ̀ ń kọ. Wọ́n fi àgbàdo sílẹ̀, wọ́n bọ́ sórí ìrẹsì àti bíìtì, tí kábọ́ọ̀nù wọn kò yàtọ̀ sí ti òdòdó. Ilé àyẹ̀wò tún gbé ẹ̀rọ òòfà ńlá kan dé, NMR, tó ń wo ọ̀pọ̀ èròjà inú oyin lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń fi í wé àkójọ àwọn oyin tí wọ́n ti mọ orísun wọn. Agbára rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ibi kan wà nínú rẹ̀ tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Oyin ìlú tí wọn kò tíì kó irú rẹ̀ sínú àkójọ, kí ni wọn yóò fi wé?

Nínú gbogbo ẹlẹ́rìí, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àtíkè òdòdó. Oyin kì í bà sórí òdòdó kó má gbé díẹ̀ lára àtíkè rẹ̀ délé, díẹ̀ á sì wọ inú afárá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù yóò sọ bóyá igi òrí ni tàbí igi irú, yóò sì ti ibẹ̀ mọ irú ilẹ̀ tí oyin náà ti wá. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì nílé wa: Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Ṣówùnmí ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ iṣẹ́ jáde ní 1976 lórí ohun tí àtíkè inú oyin lè sọ fún àwọn tó ń wádìí ewéko àti ìgbé ayé àtijọ́. Ilà ojú ni àtíkè yìí fún oyin. Àwọn oníṣòwò kan sì ń fá ilà náà, wọ́n ń sẹ́ oyin títí àtíkè yóò fi tán pátápátá. Ní 2011, Vaughn Bryant, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Texas A&M, yẹ oyin tó lé ní ìgò 60 wò, èyí tí wọ́n rà káàkiri Amẹ́ríkà. Nínú èyí tó ti ilé ìtajà oúnjẹ wá, ìdá 76 nínú 100 ni kò ní àtíkè kankan mọ́. Ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di ṣúgà o, torí ọ̀pọ̀ ń sẹ́ ẹ kó lè mọ́ gaara lójú oníbàárà. Àmọ́ oyin tí kò ní ilà lójú, ìlú tó bá wu olówó rẹ̀ ló lè pè é ní ọmọ ibẹ̀.

Owó ibodè ló sì ń mú kí irọ́ bẹ́ẹ̀ lérè. Ní 2001, Amẹ́ríkà gbé owó orí ńlá lé oyin Ṣáínà, wọ́n ní iye pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà á ń pa àwọn olóyin àwọn. Owó náà gòkè dé ìdá 221 nínú 100 nígbà kan. Oyin Ṣáínà bá ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn: wọ́n á gbé e yí ká, wọ́n á pààrọ̀ ìwé rẹ̀, yóò di oyin Íńdíà, ti Rọ́ṣíà, ti Tàílándì. Ní 2010, ìjọba gbé ilé-iṣẹ́ Alfred L. Wolff tó ti Jámánì wá lọ sílé ẹjọ́ ní Chicago. Ní 2013, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà méjì, Groeb Farms àti Honey Holding, gbà láti san mílíọ̀nù dọ́là 2 àti mílíọ̀nù 1. Iye owó ibodè tí wọ́n ní gbogbo ọ̀nà ẹ̀bùrú yìí gbé pa mọ́ ìjọba lójú jẹ́ mílíọ̀nù dọ́là 180. Wọ́n tún rí kílórámúfẹ́níkọ́ọ̀lù nínú díẹ̀ lára oyin náà, oògùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi sínú oúnjẹ.

Ní ti Yúróòpù, láti oṣù kọkànlá 2021 sí oṣù kejì 2022, wọ́n mú oyin 320 tó ń wọ Yúróòpù láti ìta, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò ní Geel. Wọ́n fura sí 147, ìdá 46 nínú 100. Ìdá 14 péré ni nínú àyẹ̀wò ọdún 2015 sí 2017. Nínú 89 tó ti Ṣáínà wá, 66 ni. Nínú 15 ti Tọ́kì, 14. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ni wọ́n fura sí, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ oyin tí wọ́n kó ti ibòmíràn wá, tí wọ́n pò pọ̀ níbẹ̀. Kí àwọn ará wa tó ń ra oyin ní Lọ́ńdọ́nù fi èyí sọ́kàn. Ìfura ni àbájáde yìí, kì í ṣe ìdálẹ́bi, àwọn onímọ̀ náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìdẹwò ọ̀hún ti ń wá: omi dídùn ìrẹsì kò ju sẹ́ǹtì yúrò 40 sí 60 lọ ní kílò nígbà náà, oyin tó ń wọlé sì lé ní yúrò 2.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin Yúróòpù gbà kí wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé àdàpọ̀ oyin Yúróòpù àti ti ìta Yúróòpù ni, ọ̀rọ̀ tó gba gbogbo ayé wọlé. Òfin tuntun tí wọ́n ṣe ní 2024 ní kí wọ́n dárúkọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan àti ìdá tó ti ibẹ̀ wá, láti 14 oṣù kẹfà 2026. Apimondia, ẹgbẹ́ àwọn olóyin àgbáyé, tiẹ̀ yọ ẹ̀bùn oyin kúrò nínú ìdíje tí wọ́n ṣe ní Copenhagen ní 2025, wọ́n ní àwọn kò lè yẹ gbogbo oyin wò débi tí ayédèrú kò fi ní gba ipò kìíní. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á.

Nílé wa, NAFDAC, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1993, ni oyin inú ìgò kàn. Nọ́ńbà rẹ̀ ń sọ pé wọ́n yẹ ọjà náà wò kí wọ́n tó fún olówó rẹ̀ láṣẹ. Kò sọ pé wọ́n yẹ ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ wò. Bẹ́ẹ̀, ayédèrú tiwa kì í ṣe èyí tó le mú. Ìrèké ni ṣúgà tí wọ́n ń sè ti wá, ìdánwò White á mú un, ìdánwò HMF tí kò gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ á mú un. Ohun tí ẹni tó ra jálá oyin fún ẹrù ìyàwó nílò ni ibi tó sún mọ́ ọn tó lè gbé e lọ, mo sì gbà pé ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní irú ibẹ̀. Ó yẹ kí ẹnì kan tún máa sọ ọ́ lójú ọjà fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ pé irọ́ ni kí a ní oyin gidi kò ní ṣúgà. Nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ ni ṣúgà.

Ní báyìí, olóyin tó bá kó oyin rẹ̀ bó ṣe yẹ nínú àpótí, tó sẹ́ ẹ mọ́, tó rọ ọ́ sínú ìgò, ń bẹ̀rù ọyẹ́. Tí oyin rẹ̀ bá dì, àwọn oníbàárà yóò dá a padà fún un. Nítorí náà, yóò gbé e sórí iná kó tó lọ sọ́jà, yóò máa rò ó títí tí yóò fi yọ́, tí yóò sì ṣàn bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ.