Ìkòkò ẹran kan fún gbogbo ilé, àti fún bàbá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru

Nígbà tí dókítà sọ fún bàbá kan ní Kétu pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní tánsíọ̀n, ohun tí ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ya ìkòkò bàbá sọ́tọ̀. Àwọn ọmọ ń jẹ ọbẹ̀ gidi. Ti bàbá kò ní iyọ̀, kò ní epo, kò ní ẹran. Oṣù méjì kò tíì pé tí ìyá fi gbọ́ pé ọkọ òun ń yà sọ́dọ̀ olóúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì lọ́sàn-án, ó ń jẹ ẹran díndín.

"Ṣé kí n máa jẹ koríko ni?" Èsì tí bàbá fún un nìyẹn.

Ìyá náà, tó ń ta aṣọ lọ́jà, ní ọjọ́ yẹn lòun pinnu pé ìkòkò kan ni gbogbo ilé yóò máa jẹ. Ó pè wá ní ọjọ́ Àìkú pé kí á wá wo bó ṣe ń sè é.

Ẹran ẹsẹ̀ màlúù ló rà, kílò kan fún ènìyàn méje. Ẹran yìí le, iṣan pọ̀ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sá fún un. Ṣùgbọ́n bí iná bá rọra jó tó sì pẹ́, iṣan yẹn á yọ́, á jẹ́ kí omi ọbẹ̀ ki láìsí epo púpọ̀. Ó fi ọ̀bẹ gé ọ̀rá funfun ara rẹ̀ kúrò, ó sì nu ẹran náà gbẹ.

Ṣíbí epo ẹ̀pà méjì péré ló dà sínú ìkòkò. Tẹ́lẹ̀, ìgbakọ kan ni. Nígbà tí epo gbóná, ó to ẹran sí i díẹ̀díẹ̀, kò rò ó títí abẹ́ rẹ̀ fi pọ́n. "Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, á sun omi, kò ní pọ́n mọ́. Ibi pípọ́n yẹn ni adùn wà."

Lẹ́yìn náà ló kó àlùbọ́sà ńlá mẹ́rin tó ti rẹ́ sí i, pẹ̀lú aáyù, atalẹ̀, tòmátì lílọ̀, ata àti irú. Omi tó bù sí i kò bo ẹran, ìdajì rẹ̀ ló dé. Ó dé ìkòkò pa, ó wa èédú kúrò lábẹ́ rẹ̀ kí iná lè dínkù. Wákàtí méjì àti díẹ̀ ló gbà.

Kúbù ńkọ́? Kò sí. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú kúbù, nítorí náà ẹni tó fi iyọ̀ sílẹ̀ tó wá ju kúbù mẹ́ta sínú ọbẹ̀ kò tíì fi nǹkan kan sílẹ̀. (Àwa tí à ń kọ èyí náà ti jẹ̀bi rẹ̀ rí.) Àjọ ìlera àgbáyé, OMS, ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má pé gíráàmù 5, bíi ṣíbí kékeré kan tí a fi ń po tíì, ti inú búrẹ́dì àti kúbù sì wà nínú ìyẹn. Ìdajì ṣíbí kékeré yìí ni ìyá wọ́n sínú gbogbo ìkòkò nígbà tó kù díẹ̀ kó sọ̀ ọ́. Ẹ bi ẹni tó ń ta irú náà léèrè kí ẹ tó rà: àwọn kan máa ń fi iyọ̀ sí i.

Bàbá kò dá oògùn rẹ̀ dúró. Ìyá tẹnu mọ́ èyí fún wa lẹ́ẹ̀mejì.

Ó gbé àmàlà kékeré fún un, ẹ̀fọ́ púpọ̀, àti ègé ẹran mẹ́ta. Ẹran náà rọ̀ débi pé ọwọ́ lásán ló fi ń ya á. Ọmọ tó kéré jù béèrè kúbù, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Bàbá na àwo rẹ̀ pé kí wọ́n fún òun sí i.

"Bàbá wọn, ó di alẹ́," ni ìyá wí, ó sì dé ìkòkò.