Jẹjẹrẹ Àpò Ìtọ̀: Ìdí Tí Oògùn Fi Ń Ṣáájú Ọ̀bẹ

Bí jẹjẹrẹ bá mú àpò ìtọ̀, ohun tí dókítà kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni ibi tó wọ̀ dé. Awọ inú àpò náà ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣì wà lójú awọ yẹn, wọ́n lè gba ojú ihò ìtọ̀ wọlé kí wọ́n sì ha á kúrò láìla ikùn. Àmọ́ bó bá ti ta gbòǹgbò wọ inú iṣan tó yí àpò náà ká, odindi àpò ìtọ̀ ni wọ́n sábà máa ń yọ. Lára ọkùnrin, prostate máa ń bá a lọ; lára obìnrin, ilé-ọmọ lè bá a lọ. Wọ́n á wá gé díẹ̀ lára ìfun aláìsàn láti fi la ọ̀nà tuntun fún ìtọ̀, ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ pé inú àpò rọ́bà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ikùn ni ìtọ̀ wọn yóò máa dà sí títí ayé.

Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, jẹjẹrẹ máa ń padà wá bá nǹkan bí ìdajì àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ nìkan. Kì í ṣe pé oníṣẹ́ abẹ kò mọṣẹ́. Kó tó mú ọ̀bẹ rárá, àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kan lè ti bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ tàbí egungun, kí wọ́n sì kéré débi tí ẹ̀rọ ayàwòrán kò ní í rí wọn. Ìdí nìyí tó fi pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń fún aláìsàn ní kẹ́mò ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé wọ́n ń fi oògùn mìíràn tì í lẹ́yìn báyìí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní immunotherapy.

Kẹ́mò fúnra rẹ̀ ló ń pa sẹ́ẹ̀lì. Immunotherapy kì í pa nǹkan kan. Ara aláìsàn ló ń tú sílẹ̀ kó ṣe é. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kan wà tó ń jẹ́ sẹ́ẹ̀lì T. Iṣẹ́ wọn ni láti wá ohun àjèjì kàn, kí wọ́n sì pa á. Èròjà kan wà lára wọn tó ń jẹ́ PD-1. Bí èròjà mìíràn tó ń jẹ́ PD-L1 bá kàn án, sẹ́ẹ̀lì T á dáwọ́ dúró. Bí ara ṣe ń ká wọn lọ́wọ́ kò nìyẹn, kí wọ́n má baà bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹran ara tó dá ṣáṣá jẹ́. Jẹjẹrẹ wá lo ọgbọ́n àrékérekè: ó kó PD-L1 bo ara. Sẹ́ẹ̀lì T á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á sì yí padà láìṣe é ní nǹkan kan. Oògùn durvalumab ń dí PD-L1, pembrolizumab sì ń dí PD-1. Èyí tó wù kí wọ́n dí, èròjà méjèèjì kò ní lè kanra mọ́, sẹ́ẹ̀lì T á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Tasuku Honjo ará Japan, tí iṣẹ́ rẹ̀ mú PD-1 wá sójútáyé ní 1992, wà lára àwọn méjì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018 nítorí irú ìmọ̀ yìí.

Kí ló dé tí wọn ò fi dúró di ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ? Ajá ọdẹ kì í tọpa ẹran tí kò gbóòórùn rẹ̀ rí. Ara jẹjẹrẹ gan-an ni sẹ́ẹ̀lì T ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa dá a mọ̀. Nígbà tí jẹjẹrẹ náà ṣì wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n máa fi dá a mọ̀ pọ̀. Oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì T á dìde sí i, wọ́n á máa bí sí i, wọ́n á sì gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó ti sá lọ sí ibòmíràn. Bí wọ́n bá ti gé e kúrò, tí wọ́n sì yọ àwọn kókó kéékèèké ìsàlẹ̀ ikùn tí sẹ́ẹ̀lì T ti ń pọ̀ sí i mọ́ ọn, ẹ̀kọ́ náà dín kù. Àǹfààní kejì ni pé ara aláìsàn ṣì le nígbà yẹn. Ẹ̀kẹta ni pé àpò ìtọ̀ tí wọ́n bá yọ yóò jẹ́rìí: wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ṣì kù níbẹ̀.

Ní Milan, Andrea Necchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún aláìsàn 50 ní pembrolizumab lẹ́ẹ̀mẹ́ta ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Nínú àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2018, wọn ò rí jẹjẹrẹ kankan mọ́ nínú àpò ìtọ̀ àwọn 21. Ìwádìí ńlá tó tẹ̀ lé e ni NIAGARA, tí Thomas Powles ti London darí, tí àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2024. Aláìsàn 1,063 ló kópa. Gbogbo wọn gba kẹ́mò lẹ́ẹ̀mẹ́rin ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Apá kan gba durvalumab mọ́ ọn, wọ́n sì tún ń gbà á lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn ọdún méjì, nǹkan bí 82 nínú 100 àwọn tó gba durvalumab ló wà láàyè. Nínú àwọn yòókù, ó jẹ́ 75. Ní oṣù kẹta 2025, àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ìtọ́jú náà.

Oògùn náà ní ìpalára tirẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì T tí wọ́n tú sílẹ̀ lè kọlu ìfun, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ tàbí tírọ́ìdì. Ìgbẹ́ gbuuru tí kò dá tàbí èémí tó ń há ní láti dé etígbọ̀ọ́ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí bó bá le, ó lè sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Ẹni tí wọ́n fi kíndìnrín ẹlòmíràn sí lára ní láti sọ fún dókítà, torí ara rẹ̀ lè kọ kíndìnrín náà.

Ohun kan tún wà tó kan àwa tí a wà nílé. Àwọn tí jẹjẹrẹ wọn bẹ̀rẹ̀ láti ara sẹ́ẹ̀lì awọ inú àpò ìtọ̀ ni wọ́n ṣe ìwádìí wọ̀nyí fún, sìgá ló sì ń fa irú rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n níbi tí àtọ̀sí ajá, àrùn tí kòkòrò inú omi kan ń fà, ti wọ́pọ̀, bíi àwọn abúlé tó yí ìsédò Ọyàn ká nítòsí Abẹ́òkúta, ẹyin kòkòrò inú omi náà lè há sára àpò ìtọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó sì fa irú jẹjẹrẹ mìíràn. A kò lè gbé àbájáde NIAGARA lé irú ìyẹn lórí bẹ́ẹ̀. Àfi kí wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò kí a tó mọ èyí tó jẹ́.

Oògùn tuntun yìí wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ìtọ̀ kò wọ́n. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, kódà bí kò bá dùn yín, tó sì dá fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ má fi àgbo bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yẹn, nítorí jẹjẹrẹ tí kò tíì wọ inú iṣan kì í sábà gba pé kí wọ́n yọ àpò ìtọ̀.