Òjò kan náà, ìrànwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: bí wọ́n ṣe ń pín owó omíyalé ní Houston

Láti Fulshear níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí yín sí, Yorùbá tí ẹ gbọ́ lẹ́nu dádì àti mọ́mì nílé lẹ fi ń gbọ́ mi. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní sáré.

Tí wọ́n bá ti ní "àyípadà ojú ọjọ́", ọkàn wa máa ń lọ sí yìnyín tó ń yọ́ níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé rí. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ yàrá wa tipẹ́. Òjò tó yẹ kó rọ̀ fún oṣù kan ń dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ooru ń le sí i, ìjọba sì ń náwó láti múra sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí ni pé ta ni wọ́n ń fi owó yẹn dáàbò bò, báwo ni wọ́n sì ṣe ń yan ẹni náà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí Harvey. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ìjì náà jókòó lé wa lórí. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, òjò tó rọ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan ju ínṣì 40 lọ. Lẹ́yìn náà, ìjọba àpapọ̀ gbé owó tó lé ní bílíọ̀nù 4 dọ́là fún ìpínlẹ̀ Texas. Owó yìí kì í ṣe láti tún ilé tó ti bàjẹ́ ṣe o, láti dènà omi tó ń bọ̀ ni. Texas General Land Office ni wọ́n ní kó pín in. Ọ́fíìsì yìí sọ apá kan owó náà di ìdíje: kí ìlú kọ̀ọ̀kan mú iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe wá, kí wọ́n máàkì í bí ìgbà tí tíṣà ń máàkì ìdánwò.

Oṣù Karùn-ún 2021, èsì jáde. Nǹkan bíi bílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n pín. Houston gba òdo. Harris County gba òdo. Ibẹ̀ sì ni Harvey ti ba ilé jẹ́ jù lọ.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Lára ohun tí wọ́n ń fún ní máàkì, ọ̀kan ń béèrè pé: nínú gbogbo èèyàn ìlú yín, ìdá mélòó ni iṣẹ́ yìí máa ṣe láǹfààní? Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ ẹ ṣírò ó wò. Ká ní ìlú kékeré kan ní èèyàn 1,000, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì kan gbogbo wọn, máàkì rẹ̀ kún. Houston ní èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 2. Tó bá gbẹ́ ojú àgbàrá fún èèyàn 10,000 ní àdúgbò bíi Kashmere Gardens, kò tiẹ̀ tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó fẹ́ gba èèyàn 10,000 là wá gba máàkì tó kéré sí ti ẹni tó fẹ́ gba 1,000 là. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n má fún aláwọ̀ dúdú. Ìṣirò ló bá wọn sọ ọ́.

Ariwo sọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Land Office ní àwọn á wá mílíọ̀nù 750 dọ́là fún Harris County. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ méjì, Texas Housers àti Northeast Action Collective, ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí HUD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Ní oṣù Kẹta 2022, HUD dáhùn pé ìlànà tí wọ́n fi pín owó náà ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Land Office ní àwọn ò gbà.

Ìṣirò kejì wà tó tún jinlẹ̀ jùyẹn lọ. Kí ìjọba àpapọ̀ tó ná owó lórí ìdènà omi, wọ́n máa ń wo iye ohun tí omi ìbá bà jẹ́ tí iṣẹ́ náà kò bá sí. Ilé tó tó 600,000 dọ́là máa ń wúwo lórí òṣùwọ̀n yẹn ju ilé 100,000 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn méjì péré ló ń gbé inú èkíní, tí èèyàn méje ń gbé inú èkejì. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Onílé olówó ni òṣùwọ̀n yìí ń bá wí "mi ò gbà".

Harris County gbìyànjú láti yí i padà. Ní oṣù Kẹjọ 2018, àwọn aráàlú dìbò kí wọ́n yá bílíọ̀nù 2.5 dọ́là fún iṣẹ́ omi. Ní 2019, wọ́n fi òṣùwọ̀n CDC kan kún ohun tí wọ́n fi ń yan iṣẹ́ tó máa ṣáájú. Òṣùwọ̀n náà ń wo ìdílé tí kò ní mọ́tò, ìdílé tí àgbàlagbà tàbí aláàbọ̀ ara wà, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Àwọn kan bínú, wọ́n ní gbogbo wa la jọ ń san owó orí. Òótọ́ ni. Àmọ́ gbogbo wa kọ́ la lè sun hòtẹ́ẹ̀lì fún oṣù mẹ́ta nígbà tí ilé bá ń gbẹ. Èmi fara mọ́ ohun tí wọ́n ṣe.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ilé nìkan ni o, ọ̀rọ̀ ara ni. Nígbà òtútù oṣù Kejì 2021, ìpínlẹ̀ Texas ka òkú 246, òtútù ló sì pa èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tí ìjì Beryl dé ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 2024, ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó ju mílíọ̀nù 2 lọ ló wà láìní iná, nínú ooru Houston tí ẹ mọ̀ yẹn. Ooru pa àwọn èèyàn nínú ilé ara wọn.

Ṣé ẹ ti gbọ́ nípa jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" ní Nàìjíríà? Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ti sọ̀rọ̀ tán. Ní Fulshear, tiwa tóbi, ó ń lo gáàsì ilé, fúnra rẹ̀ ló ń tan. Ẹ wá wo Alief àti ẹ̀gbẹ́ Bissonnet, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa kọ́kọ́ dé sí. Níbẹ̀, inú fúláàtì làwọn èèyàn ń gbé, bálíkónì nìkan ni wọ́n lè gbé jẹnẹrétọ̀ sí, èéfín rẹ̀ á sì wọlé. Carbon monoxide inú èéfín yẹn kò ní àwọ̀, kò sì rùn. Nínú òkú 246 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó mú nínú wọn.

Fulshear ńkọ́? Ní 2010, èèyàn 1,134 ni wọ́n kà níbí. Ní 2020, ó ti di 16,856. Oko la fi kọ́nkéré bò, omi òrùlé wa sì ń lọ sínú odò Brazos, ó ń lọ bá àwọn ará Richmond. Adágún tí wọ́n gbẹ́ síwájú ẹ́síteètì wa, tí àwọn ọmọ ti ń fún pẹ́pẹ́yẹ lóńjẹ, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó wà níbẹ̀ kó lè dá omi dúró, kó máa jò ó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá kún fún ẹrẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gba owó ẹ́síteètì lọ́wọ́ yín.

Owó ilé nìkan kò sì lè gbani. Ní Cinco Ranch, ìlà-oòrùn wa níbí, omi ìsédò Barker wọ ilé ńláńlá ní 2017. Lórí ìwé àwòrán ilẹ̀ àwọn ibì kan níbẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ sí pé omi lè bo ilẹ̀ náà. Ta ló ń ka ìyẹn? Ní oṣù Kejìlá 2019, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ dá ìjọba lẹ́bi fún omi tó wọ ilé àwọn tó wà lókè ìsédò. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn náà ni òfin Texas ti ní kí ẹni tó ń ta ilé sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á bí omi bá ti wọ ibẹ̀ rí, tàbí bí ilé náà bá wà nínú ààlà ìsédò. Àwọn ayálégbé kò rí irú òfin yẹn gbà àfi ní oṣù Kìíní 2022. Ẹ̀yin tó ń háyà, ẹ béèrè fún ìwé náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Bí mọ́mì tàbí dádì yín bá ń lo ẹ̀rọ ọ́síjìn, tàbí tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kíndìnrín, ẹ pe 2-1-1, kẹ́ ẹ forúkọ wọn sílẹ̀ fún STEAR, ìwé orúkọ àwọn tó nílò ìrànwọ́ nígbà ìjì. Fọ́ọ̀mù kan tún wà tí dókítà máa ń fọwọ́ sí fún iléeṣẹ́ iná. Kò túmọ̀ sí pé iná wọn ò ní lọ o. Ó kàn jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó wà nínú ilé yẹn ni. Àwọn òbí wa lè ní kò sí wàhálà, Ọlọ́run wà. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ bá wọn ṣe é. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ni àsìkò ìjì máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.