Omíyalé bá àwọn onímọ̀ nípa odò nílé ní Iowa: Ẹ̀kọ́ ńlá ló jẹ́ fún oníṣòwò

Àwọn àgbà ní odò kì í kún kó bo ẹja lójú. Àmọ́ lóṣù kẹfà ọdún 2008, ní ìpínlẹ̀ Iowa lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, odò kún kọjá ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n jù lọ pàápàá lérò. Yunifásítì Iowa ní ilé ìwádìí kan tí wọ́n ti ń kọ́ nípa bí omi ṣe ń ṣàn láti nǹkan bí ọdún 1920. Etí odò Iowa gan-an, nílùú Iowa City, ni wọ́n kọ́ ọ sí. Lọ́dún náà, ohun tí àwọn onímọ̀ yìí ń ṣèwádìí lé lórí dìde, ó wá bá wọn nílé.

Bí omi ṣe gorí ilẹ̀

Yìnyín bọ́ púpọ̀ nígbà òtútù tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007. Nígbà tó yọ́, òjò ìgbà ìrúwé tún tẹ̀ lé e, ilẹ̀ sì mu omi yó. Bí òjò ńlá ṣe tún dé níparí oṣù karùn-ún àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, ilẹ̀ kò gba omi mọ́, inú odò ni gbogbo rẹ̀ ń wọ́ lọ.

Ìlú Cedar Rapids jẹ ìyà rẹ̀ gan-an. Àárín ọjà ni odò Cedar gbà kọjá níbẹ̀. Ibi tí omi ga dé jù lọ tẹ́lẹ̀ ni 20 ẹsẹ̀ bàtà, lọ́dún 1851 àti 1929. Lọ́jọ́ kẹtàlá oṣù kẹfà ọdún 2008, ó ga dé 31.12 ẹsẹ̀ bàtà. Ilé tó lé ní 5,000 lomi wọ̀. Ṣọ́ọ̀bù, ọ́fíìsì àti ilé oúnjẹ tó wà láàárín ìlú kò yọ sílẹ̀. Iléeṣẹ́ Quaker Oats, tí ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́mọ ní Nàìjíríà mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, ní ilé ńlá létí odò náà. Iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ di òkúta sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n gbé e sórí afárá kan kó lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àmọ́ omi gbé afárá lọ tọkọ̀ tọkọ̀.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ló kan Iowa City. Omi dé 31.53 ẹsẹ̀ bàtà, nígbà tó jẹ́ pé 28.52 ló dé lọ́dún 1993 tí gbogbo ayé ń pariwo. Olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti aráàlú jọ ń rọ iyanrìn sínú àpò láti fi dínà omi. Síbẹ̀, ó wọ ilé tó lé ní ogún nínú yunifásítì náà. Gbọ̀ngàn eré ńlá wọn, Hancher, kò ṣí mọ́. Ọdún 2016 ni wọ́n tó ṣí tuntun tí wọ́n kọ́ rọ́pò rẹ̀.

'Omi ọgọ́rùn-ún ọdún' kò dá ọjọ́

Àwọn onímọ̀ náà kò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Lọ́dún 2010, wọ́n gbé ìwé kan jáde, 'A Watershed Year', tí Cornelia Mutel ṣe àkójọ rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣàlàyé ohun tó fà á tí omi fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà: 'omi ọgọ́rùn-ún ọdún'. Lẹ́yìn ti 1993, àwọn kan rò pé ó tán nìyẹn, pé ọmọ-ọmọ àwọn ni yóò tún rí irú rẹ̀. Omi gorí ìsédò Coralville fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún 1993. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré lẹ́yìn rẹ̀, ó tún gorí rẹ̀.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni pé lọ́dọọdún, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni àǹfààní wà pé irú omi bẹ́ẹ̀ yóò dé. Kò sọ pé tó bá ti dé lónìí, yóò sinmi. Ẹni tó yáwó ọgbọ̀n ọdún kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbi tí irú omi yìí ń dé, ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ni pé yóò bá a kó tó san gbèsè tán. Ó ju ẹnì kan nínú mẹ́rin lọ. Oníṣòwò wo ni kò ní ronú sí i?

Ọ̀rọ̀ adójútòfò tún wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ínṣọ́ránsì tí wọ́n ń ṣe fún ilé kì í san owó omíyalé. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ra ìyẹn, ọgbọ̀n ọjọ́ ló sì sábà máa ń pé kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí odò ń kún kó tó lọ rà á, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ìkìlọ̀ tó dé lásìkò, owó ni

Lọ́dún 2009, ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá ibùdó ìwádìí omíyalé sílẹ̀ ní yunifásítì ọ̀hún, Witold Krajewski àti Larry Weber sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kàn mọ́ ara afárá. Agbára oòrùn ló ń lò. Yóò ta ìró sí ojú omi, yóò fi mọ bó ṣe ga tó, yóò sì fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́. Irú ẹ̀rọ yìí tó lé ní 200 ló wà káàkiri ìpínlẹ̀ náà, ẹnikẹ́ni sì lè wo ohun tí wọ́n ń sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀.

Ìdánwò dé ní Cedar Rapids lóṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Odò tún kún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 22 ẹsẹ̀ bàtà, tó jẹ́ èkejì tó ga jù nínú ìtàn ìlú náà. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ìkìlọ̀ ti dé ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kó ọjà wọn, ìlú to odi oníyanrìn yí àárín ọjà ká, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ omi. Odò kan náà ni, ìlú kan náà ni. Ìmúrasílẹ̀ ló yàtọ̀.

Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò ti kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Oníṣòwò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí odò tàbí ojú àgbàrá ní láti mọ ibi tí omi ga dé rí ládùúgbò rẹ̀, kó sì to ọjà olówó ńlá sókè ju ibẹ̀ lọ. Kó fi ẹ̀dà ìwé ìṣirò owó rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn. Kó ka ìwé adójútòfò rẹ̀ dáadáa, kó wò ó bóyá omíyalé wà níbẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ kéèyàn ṣe gbogbo èyí, torí odò tó ti kún kì í dúró gbọ́ àlàyé.