Ìgbàgbé Àgbà: Ká Tó Náwó Sí Kápúsù



Ní Dùgbẹ̀, ní Challenge, nínú mọ́tò tó ń lọ Ring Road, ẹ ò ní í ṣàìgbọ́ ohùn ẹni tó ń ta kápúsù tí wọ́n ní ó ń jí ọpọlọ. Wọ́n á ní ẹ fún màmá lò, ìgbàgbé á lọ. Owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Àwa náà ń rà á, torí orí àgbà ni ilé ìkàwé tiwa. Bí iyè awo bá rà, ẹsẹ Ifá tí kò tíì kọ́ ọmọ bá a lọ nìyẹn.

Ní 1906 ni dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ṣàlàyé àrùn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Ọpọlọ ló ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyá á béèrè ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, á jáde kò ní í mọ̀nà ilé mọ́, á ní ìyàwó ọmọ òun jí owó òun. Ẹ má pè é ní àjẹ́ o! Àìsàn ló ń ṣe é.

Ìbàdàn wa yìí wà nínú ìwádìí ńlá lórí rẹ̀. Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn bá Hugh Hendrie ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà dáwọ́ lé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì náà wà níbẹ̀. Àwọn àgbà Ìdíkàn, ẹni ọdún 65 sókè, ni wọ́n ń lọ bá nílé. Àbájáde 2001 dárúkọ àgbà 2,459 níbí àti aláwọ̀ dúdú 2,147 ní Indianapolis. Nínú ẹgbẹ̀rún àgbà, nǹkan bí 11 ni Alzheimer ń mú lọ́dún níbí. Tọ̀hún tó 25. Àwọn olùwádìí ní ó ṣeé ṣe kí oúnjẹ wà lára ìdí rẹ̀: iṣu, ẹ̀fọ́, ẹja díẹ̀, ọ̀rá tí kò pọ̀. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tiwa kéré sí tiwọn.

Kápúsù wá ńkọ́? Ewé igi kan wà ní ilẹ̀ Ṣáínà, ginkgo, tí wọ́n ń tà fún ìrántí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dán an wò lára àgbà 3,069, ẹni ọdún 75 sókè. Àwọn kan lo ojúlówó, àwọn kan lo èyí tí kò ní nǹkan nínú. Èsì jáde ní 2008: kò dènà àrùn náà. Ní 2014, fítámì E púpọ̀ dín ìyára àìsàn kù díẹ̀ lára àwọn tó ti ní in, ní ti iṣẹ́ ojúmọ́ bí ìwẹ̀ àti aṣọ wíwọ̀. Kò dá iyè wọn padà. Ṣùgbọ́n bí fítámì B12 bá kéré lára, ó lè da iyè rú, ìyẹn sì gbóògùn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi í hàn.

Ewu rẹ̀ rèé: ginkgo pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lè fa ẹ̀jẹ̀ dídà. Èyí tó tún burú jù ni kí màmá pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì torí kápúsù, torí ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀ ń ba ọpọlọ jẹ́. Àgbo náà ńkọ́? Ẹ sọ fún dókítà.

Àwa awo ní ìsọ̀yè, a mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ là ń lò ó fún; ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí oògùn àrùn yìí. Bí Ifá bá ti ní ká tọ́jú ara, ọ̀nà UCH kò jìn.

Ní Finland, nínú àgbà 1,260, àwọn kan fi ọdún 2 jẹun dáadáa, wọ́n ṣe eré ìdárayá, wọ́n fi ọpọlọ ṣiṣẹ́, wọ́n ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní 2015, èsì ní ọpọlọ wọn dára ju ti àwọn tí wọ́n kàn gbà nímọ̀ràn lọ. Ẹ fi owó kápúsù ra ẹ̀fọ́ àti ẹja ní Bódìjà. Ẹ bá bàbá rìn. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ gba ẹsẹ Ifá tó mọ̀ sílẹ̀ nísinsìnyí tó ṣì rántí.

Orí wa ò ní í dàrú o. Àbọyè, àbọṣíṣẹ.